Ta Ni Ara Àdúgbò?

Awò ojú ni obìnrin náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Awò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó há sáàárín ilé alágbàfọ̀ àti ilé oníbàtà bí ọmọ tó sùn sáàárín òbí méjì. Pátákó lẹ́tà wà lára ògiri rẹ̀, lẹ́tà òkè tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ti ìsàlẹ̀ kéré bí èèrà tó tò lọ. Bí oníbàárà bá jókòó tó ń ka lẹ́tà, Ìyá Awò kì í wo pátákó, ojú oníbàárà ló máa ń wò. Ó ní ẹni tí kò ríran dáadáa kì í fẹ́ gbà. Á méfò, á sì fi gbogbo ẹnu pe èyí tó méfò. "Èmi tí ẹ ń wò yìí," á wí, á sì rẹ́rìn-ín, "ojú irọ́ ni mo fi ń jẹun."

Akunlé ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀dà kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ́kọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń bá wọn gbé ni àbúrò Ìyá Awò, tíṣà ni, àmọ́ wọ́n ti lé e níṣẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni tó wà lẹ́yìn pápá, torí pé ó bi ọ̀gá ní ìbéèrè nínú ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọdọ̀ bèèrè nǹkan kan. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, orí tábìlì ìjẹun ló sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé.

Lọ́dún tí omi ya wọ àdúgbò ni Ìyá Awò di ádímìn. Nọ́ńbà oníbàárà pọ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó bá ṣí ojúewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kó gbogbo wọn síbẹ̀, ó pè é ní Ojúde Wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ẹni tó há sórí òrùlé, ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni pé kí lorúkọ ẹ. Omi gbẹ, ojúewé ò gbẹ. Ó di ibi tí wọ́n ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ibi tí wọ́n ti ń bú iléeṣẹ́ iná, ibi tí àwọn tó ń kíra wọn tẹ̀ríntẹ̀rín ní títì ti ń bá ara wọn jà títí dátà á fi tán. Nígbà tó yá, àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń gbé àdúgbò lọ. Ìyá Awò máa ń rí orúkọ tí kò mọ̀ rí: ẹlòmíràn fi ológbò ṣe ojú, ẹlòmíràn fi mọ́tò ṣe é, ẹlòmíràn ò tiẹ̀ lójú rárá. Á ní, "Ta tún lèyí?" á sì gbà á wọlé. Ojúde ni, ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ojúde?

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ara Àdúgbò kọ̀wé síbẹ̀. Òbìrí aláwọ̀ eérú ló wà níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ohun tó kọ kò gùn:

"Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lọ sí ilé-ìwé ẹ̀yìn pápá, ẹ lọ béèrè ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sí ilé alájà méjì yẹn. Ògiri ti lanu. Púti ni wọ́n fi dí i, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Ẹ má sọ lọ́la pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀."

Ní kíá, ojúewé gbóná. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn dákẹ́ ni. Ẹnì kan ní ẹ̀rí dà? Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́ o," àwọn èèyàn sì ń kó ẹ̀rín lé e lórí. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ náà ní fọ́tò, wọ́n ti gbé e lọ sí ojúewé mìíràn, ibẹ̀ ló sì ti ń sanra. Lójúewé kan, ògiri ti wó. Lójúewé kejì, ọmọ méjì ti kú. Àwọn ìyá sá dé ẹnu géètì ilé-ìwé pẹ̀lú bàtà tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń pariwo orúkọ ọmọ. Kò sọ́mọ tó kú, kò sí ògiri tó wó. Onílé-ìwé dúró sí géètì, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, ó ń fi ọmọ han ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ó parí, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Awò.

"Ìyá Awò, ta ni Ara Àdúgbò?"

"Ẹ jókòó ná, sà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"O ò mọ̀ ọ́n? Ta ló wá gbà á wọlé?"

"Èmi ni, sà. Àwọn tí mo gbà wọlé pọ̀."

"Ẹni tó ni ojúde ló ni ìgbẹ́ tí wọ́n bá yà síbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, òfin ló sọ ọ́."

Ìyá Awò wò ó. Òun ló ṣe awò tó wà lójú ọkùnrin náà, ó mọ ibi tí imú rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ó rọra bi í pé, "Ògiri yẹn ńkọ́, sà? Ṣé kò lanu?"

Onílé-ìwé bọ́ awò kúrò lójú, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Máa lo awò ẹ." Bó ṣe jáde nìyẹn, tó ń fi ọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà.

Lóòótọ́, òfin kan jáde lọ́dún yẹn. Wọ́n ní torí àwọn tó ń parọ́ mọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, wọ́n ní irọ́ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní ẹnu aláìní ni wọ́n fẹ́ fi dí. Ìyá Awò ò kà á. Ta ló ń ka òfin nígbà tí kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì: àgọ́ ọlọ́pàá pè é, wọ́n ní kó máa bọ̀, kó mú fóònù rẹ̀ dání.

Obìnrin ni ọ̀gá tó bá a sọ̀rọ̀. Ó fa àga fún un, ó fún un ní omi tútù, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ara fu Ìyá Awò. Bí wọ́n bá jágbe mọ́ ọn, ì bá mọ ibi tí òun dúró.

"Màmá, òfin ò ní kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀," ni ọ̀gá náà wí. "Òfin ní kí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórúkọ. Ẹ fún wa lórúkọ, kí ẹ máa lọ sílé yín."

"Mi ò ní orúkọ tí mo lè fún yín. Mi ò mọ ẹni náà."

"Ẹ tún rò ó. Ṣé kò sí ẹnì kan nílé yín tí inú ń bí sí ilé-ìwé yẹn?"

Obìnrin náà ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gba fóònù Ìyá Awò, ó ní wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti padà wá.

Ìyá Awò rìn bọ̀ wálé láìsí fóònù lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò wà. Ṣé òótọ́ ni pé ó mọ ẹni náà? Ní ojú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ Ara Àdúgbò pa dà lọ́kàn. "Ẹ má sọ lọ́la pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀." Ta ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ta ló máa ń na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ lórí tábìlì ìjẹun, tó ń ní, "Má sọ lọ́la pé tíṣà ò kọ́ ẹ o"?

Láti ọjọ́ náà ni ilé ò ti jẹ́ ilé mọ́. Bí àbúrò rẹ̀ bá dojú fóònù délẹ̀, Ìyá Awò á rí i. Bó bá mú un wọ balùwẹ̀, á rí i. Bó bá rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan lórí ẹ̀, á ní, "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" Àbúrò á ní, "Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi," kò sì sí ìdáhùn tó burú ju kò-sí-nǹkan-kan lọ létí ẹni tó ń fura. Ní ṣọ́ọ̀bù náà, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Alágbàfọ̀ yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti béèrè pé, "Wọ́n ti rí i ṣá?" Ìyá Awò ń bi ara rẹ̀ pé ta ló rán an. Oníbàárà kan jókòó, ó ń ka lẹ́tà, ó ka gbogbo ẹ̀ láìṣìṣe kan, Ìyá Awò ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká báyìí, kí ló wá ṣe níbí?

Lórí ojúewé fúnra rẹ̀, bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń kà á fún un, gbogbo àwọn tó ti ń kó ẹ̀rín jọ ti kó ẹ̀rín wọn padà. Ẹni tó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ ti nu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Wọ́n gbọ́ pé ọlọ́pàá ti gba fóònù ádímìn, oníkálukú sì ń wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé báwo ni Ìyá Awò ṣe wà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ọmọ tí tíṣà ń kọ́ ti lọ, Ìyá Awò ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá bá àbúrò rẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ ife.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni kí ni?"

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

Tíṣà gbé ife kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́."

"Ta ni? Ta ló tún mọ inú ilé-ìwé yẹn tó ń gbé nínú ilé yìí?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi orúkọ mi kọ ọ́, torí mi ò níṣẹ́ tí wọ́n tún máa gbà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, mi ò dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n máa lé níṣẹ́ tó bá dárúkọ, ṣé kó má sọ̀rọ̀ ni? Ṣé kí ògiri ya lu àwọn ọmọ ni?"

"O ò rí i! O ti ń gbèjà ara ẹ."

"Mò ń gbèjà ẹni tó sọ òótọ́."

"Òótọ́ tó ń fi ojú pamọ́! Èmi tí kò fojú pamọ́ ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. O ń jẹ, o ń mu lábẹ́ òrùlé mi, o sì jẹ́ kí wọ́n mú mi jókòó síwájú ọlọ́pàá bí olè."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí a kì í sọ fún ọmọ ìyá ẹni, èyí tó kẹ́yìn yìí wà lára wọn. Jíjẹ àti mímu. Tíṣà nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó rọra nù ún, ìka lẹ́yìn ìka. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó sì gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ. Kò ké, kò bú. Ó kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó sì kọjá.

Akunlé dúró lẹ́nu ọ̀nà náà, pẹ̀lú garawa ọ̀dà lọ́wọ́, bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀.

Fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà ò jẹun dáadáa. Ìyá Awò rò pé ilé tó dákẹ́ ló ń dùn ún. Òun náà, ilé tó dákẹ́ ń dùn ún, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ń ràn án lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n jókòó ti búrẹ́dì àti tíì, ó ní, "Dádì, mo ti pinnu. Tí mo bá padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, màá dárúkọ rẹ̀ fún wọn."

"Orúkọ ta?"

"Orúkọ àbúrò mi. Kó lọ fi ẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé. Mo ti jìyà ẹ̀ tó."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó gbé ife tíì kalẹ̀. "Kì í ṣe òun."

"Ẹ̀yin náà ti ń gbè é nìyẹn. Ó máa jẹ́ pé ó kàn gbọ́ àhesọ ni. Bóyá ògiri yẹn ò tiẹ̀ ní nǹkan kan, bóyá ó kàn sán fínrín-fínrín bíi ti gbogbo ògiri..."

"Sán fínrín-fínrín kẹ̀? Ọwọ́ mi wọ inú ẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́!"

Akunlé wo ọwọ́ tó wí náà, ó wà lórí tábìlì, ó fẹ́ fà á sábẹ́ tábìlì, ó sì fi í sílẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá Awò, tó ń fi ojú irọ́ jẹun, tó ti wo ojú alágbàfọ̀, tó ti wo ojú oníbàárà, tó ti wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀, kò fìgbà kankan wo ojú tó ń bá a sùn.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Ó wá sọ ọ́ fún un. Wọ́n pè é pé kó wá kun ilé alájà méjì náà. Bó ṣe ń fi irin ha ọ̀dà àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ń jábọ́ sí i lẹ́sẹ̀, tí ihò sì ń ṣí. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó lọ sọ fún onílé-ìwé. Ọkùnrin náà ní tí àwọn ọmọ bá gba ọlidé, òun á tún un ṣe. Kí ó kùn ún ná, nítorí àwọn òbí tuntun ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé. Ó kùn ún. Ó fi púti dí i, ó fi ìwé iyanrìn ha á dán títí ojú ò fi lè mọ̀ ọ́n. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́," ó ní, "ìyẹn ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o máa ní kí n lọ sọ ọ́ ní gbangba. Tí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, ta ló tún máa pè mí wá kun ilé ẹ̀? Ta ló fẹ́ akunlé tó ń sọ ohun tó rí lára ògiri olówó?"

"Ẹ wá gbé e wá sí ojúde tèmi."

"Kò síbòmíràn tí àwọn èèyàn ti máa kà á."

"Ẹ wà nílé yìí nígbà tí wọ́n gba fóònù mi. Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ ìyá mi ń gbé báàgì jáde."

Bí wọ́n bá ní kí Ìyá Awò sọ èyí tó dùn ún jù, kò ní í mọ̀: ṣé pé ọkọ òun kọ ọ́ ni, ṣé pé ó dákẹ́ lẹ́yìn tó kọ ọ́ ni, àbí pé ó ti lè wo òun lójú lójoojúmọ́, kó sì máa ní "o kú iṣẹ́." Ó dìde. Ó ní, "Mi ò ní í dárúkọ yín fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ máa fi ẹnu yín ṣe." Láti ọjọ́ náà, yàrá ẹ̀yìn tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń sùn sí.

Nígbà tí ọjọ́ tí ọlọ́pàá dá pé, ó jí, kò bá ọkọ rẹ̀ nílé. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ò sí lára ìṣó. Ìyá Awò wo ìṣó náà. Ó ti sá, ó ní nínú ara rẹ̀. Ó tiẹ̀ lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò bóyá ó ti kó aṣọ. Aṣọ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sá kì í dúró kó aṣọ.

Ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, nínú aṣọ iṣẹ́ tí ọ̀dà funfun ti gbẹ sí, ọwọ́ méjèèjì wà láàárín orúnkún. 

"Ẹ ti sọ fún wọn?"

"Mo ti wà níbí tipẹ́," ó ní. "Ẹnu mi ò là ni."

Ìyá Awò jókòó tì í. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ obìnrin náà, àwọn méjèèjì ló dìde.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo akunlé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá?" Akunlé sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò fi iyọ̀ sí i, kò sì fi ara rẹ̀ pamọ́ nínú ẹ̀. Obìnrin náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì rọ̀ bí òwú. Ó ní kí ló fẹ́ kí àwọn fi mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Akunlé ní kí wọ́n mú irin tó mú, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò, ògiri á fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Apá wo lára ògiri yẹn gan-an? Ti pápá ni, àbí ti ọ̀nà?"

"Ti pápá. Yàrá àwọn ọmọ kékeré tó wà nísàlẹ̀, lábẹ́ fèrèsé kejì."

Bírò dúró lórí ìwé. Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ò sì rọ̀ mọ́: "Lọ mú un jáde. Mo ní kó o lọ mú un jáde nísinsìnyí! Má bèèrè ìdí." Nígbà tó padà wọlé, ó tún jókòó, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó ní níbo làwọn bá ọ̀rọ̀ dé. Kò sọ pé òun ní ọmọ níbẹ̀. Tọkọtaya náà ò sì bèèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn tó ń yẹ ilé wò láti ọ́fíìsì ìlú dé ilé-ìwé. Wọ́n ha ọ̀dà. Ògiri ti lanu lóòótọ́, ó sì jinlẹ̀ ju bí akunlé ṣe mọ̀ lọ. Wọ́n fi igi gbé òkè dúró, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn, nígbà tí ọlidé sì dé, wọ́n wó ẹ̀gbẹ́ ilé náà, wọ́n tún un mọ. Onílé-ìwé gbé fọ́tò iṣẹ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń mú ilé-ìwé gbòòrò sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kí i kú oríire.

Ẹ̀yin tó ń kà á lè máa rò pé àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ akunlé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú síta pé òun ni Ara Àdúgbò, Ojúde Wa tún gbóná. Àwọn kan ní akọni ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní òun gan-an ló jẹ̀bi jù, ṣebí òun ló kùn ún, ṣebí ó gba iṣẹ́ náà ná kó tó rántí pé òun ní ẹ̀rí ọkàn. Ó ń kà á, ó ń kà á, ìyàwó rẹ̀ sì dúró, ó ń wò ó. Ọ̀kan ṣoṣo ló fèsì sí nínú gbogbo wọn, obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ fèrèsé kejì, tó kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ mélòó lo fi sùn kó o tó sọ fún wa?" Akunlé kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, ó sì kọ ọ́ pé, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má bínú." Láti ìgbà náà, ilé ńlá ò pè é mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù àti géètì ló kù tó ń kùn.

Ẹjọ́ náà ńkọ́? Kò kú, kò sì yè. Lọ́yà tí wọ́n lọ bá sọ fún Ìyá Awò pé òótọ́ tí ọkọ rẹ̀ sọ lè gbà wọ́n lórí ọ̀rọ̀ ògiri, ṣùgbọ́n irọ́ pé ọmọ méjì ti kú, láti ojúewé rẹ̀ ni wọ́n ti mú orísun rẹ̀, onílé-ìwé ò sì tíì yọwọ́. "Ẹ máa lọ sílé," ni ọlọ́pàá wí, "a ó pè yín." Wọn ò pè. Wọ́n dá fóònù padà. Ìyá Awò tàn án, ó rí i pé ó ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ sì ń tètè tán. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbó ni. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò fi kọ nǹkan kan tí kò lè kà sókè níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá mọ́.

Ó lọ bẹ àbúrò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ tó gbà á sílé, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, àwọn ará ilé náà sì yọjú wò ó. Tíṣà fà á dìde kíá.

"Ẹ dìde, ẹ má ṣe mí léṣe. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Ṣé o dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi mí, mo ní èmi kọ́. Ẹ mọ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ẹni tí kò lójú kọ̀wé, èmi tí mo lójú ni ẹ kọ́kọ́ fura sí."

Ìyá Awò ní kó padà wálé. Tíṣà ní kò burú, òun á rò ó. Ó ń rò ó di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó máa ń bá akunlé ṣàwàdà pàápàá, ó sì máa ń mú búrẹ́dì ara rẹ̀ dání.

Nígbà tó yá, Ìyá Awò tún òfin Ojúde Wa ṣe: ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ hàn, kó sì sọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bá a jiyàn lórí ẹ̀ gan-an, ó ní ẹnu tó yẹ kó máa là ló ń dí yẹn. Ìyá Awò ní kò burú, kí ẹni tó bá fẹ́ la ẹnu wá máa lọ gba fóònù òun lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n bá tún gbà á. Àwọn èèyàn tó kù síbẹ̀ ń kíra wọn kú ọjọ́ ìbí, wọ́n ń gbàdúrà fún ara wọn, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Ojúewé náà mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsí pé ojú ń dùn wọ́n. Wọ́n á fi gíláàsì kan sójú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, alágbàfọ̀ wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, ó tẹ̀ sórí tábìlì títí ẹnu rẹ̀ fi sún mọ́ etí Ìyá Awò.

"Omi tí wọ́n ń tà fún wa nínú táǹkì ìsàlẹ̀ yẹn," ó ní, "ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

Ìyá Awò wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ó ń wò, tàbí ẹni tí wọ́n rán wá dán òun wò. Ó fi ṣukudiráfà tó fi ń tún awò ṣe sílẹ̀. Ó fa àga fún un.

"Jókòó," ó ní. "Kọ́kọ́ pa fóònù ẹ ná."